Ní Ìdí Ààrò: Ohun Tí Mo Kọ́ Ní Ẹ̀yìn Ilé Ìnáwó

Bí ẹ bá ti fún ọmọ lóúnjẹ tán, ẹ fa àpótí súnmọ́ mi, kí a jọ sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ọkọ máa ń bi mí. Wọn a ní, “Ìyá wa, ǹjẹ́ ó yẹ kí abilékọ tí ó ní ọmọ lọ́wọ́ máa bá àwọn alásè lọ sí òde ìnáwó ní ọjọ́ Sátidé, kí ó lè rí nǹkan fi kún owó ọbẹ̀?” Èsì mi ni pé ó yẹ. Kò sí àbùkù nínú iṣẹ́. Ọ̀lẹ ni àbùkù wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo máa ń fi ọ̀rọ̀ kan kún un: kí ẹ tó béèrè iye tí wọn yóò san, ẹ kọ́kọ́ béèrè irú ènìyàn tí ẹ óò jọ dúró ní ìdí ààrò. Ìtàn ara mi ni n óò fi ṣàlàyé ìdí rẹ̀ lónìí.

Ní agbègbè wa níhìn-ín, láti Ọ̀jọ́ títí dé Ìbà àti Òkókómáíkò, Sátidé kì í lọ lásán. Bí wọn kò bá ta àtíbàbà sí òpópónà yìí, wọn yóò ta á sí èkejì. Àwọn Àwórì tí wọ́n ni ilẹ̀ ń ṣe ìyàwó, àwọn Ẹ̀gùn tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò wọn ń ṣe é, àwọn Ìgbò tí wọ́n ń ṣòwò ní ọjà Àlàbá ń ṣe é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti ń wọ́ wá sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó láti ìgbà tí ìjọba ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 1983, àwọn náà ń parí ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń gbé ara wọn níyàwó. Gbogbo wọn ni ó ń wá alásè.

Nígbà tí èmi náà ṣì ń pọn ọmọ, ìyá alásè kan ń gbé ní òpópónà wa ní Òkókómáíkò. Àgbà obìnrin ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń bá a ṣiṣẹ́ dùbúlẹ̀ àìsàn. Ó ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá dípò rẹ̀. Ìgbéyàwó ni, ní Ìbà, àlejò 300. Mo gbé ọmọ fún ìyá ọkọ mi, mo wọ aṣọ tí kò gùn ní apá, mo sì tẹ̀lé wọn.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a kó ẹrù sínú bọ́ọ̀sì: àdògán mẹ́ta, ìkòkò irin ńlá mẹ́rin, agbada, ajere, omorógùn tí ó gùn ju ọmọdé lọ, kúlà oríṣiríṣi, àti àpò ìrẹsì. A gba ọ̀nà Bádágrì dé Ìyànà-Ìbà, a sì yà sí ọ̀nà Ìbà. Àwa mẹ́fà ni. Ìyá ìbejì kan wà nínú wa tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, tí ó ń pa wá lẹ́rìn-ín láti ìdíkọ̀ dé ìdíkọ̀. Abilékọ kan tí ó jẹ́ Ẹ̀gùn láti Bádágrì ni ọ̀gá ẹja díndín. Ọmọge kan tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń kọ gbogbo ohun tí a rà àti ohun tí a lò sínú ìwé. Ẹni karùn-ún ni ó ń ṣọ́ iná, nítorí pé iná ìnáwó fẹ́ olùṣọ́ tirẹ̀.

Kí a tó dá iná, ìyá alásè pè wá jọ. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tí ó bá ṣe àṣìṣe, kí ó wá sọ fún mi kíákíá. N kò ní jágbe mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá bò ó mọ́lẹ̀ ni n kò ní mú lọ sí òde mìíràn mọ́.” Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ta ni kì í sọ irú rẹ̀ nígbà tí nǹkan kò tíì bàjẹ́?

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dé ẹ̀yìn ilé ìnáwó rí, ẹ lè rò pé òwúrọ̀ ọjọ́ ìyàwó ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ni. Alẹ́ ni a ń fọ ẹran, tí a ń fi àlùbọ́sà, iyọ̀ àti táìmù bọ̀ ọ́. Alẹ́ ni a ń lọ ata, tí a ń gbé e kaná kí omi inú rẹ̀ lè gbẹ, nítorí pé ata olómi kì í jẹ́ kí jọ̀lọ́ọ̀fù dára. Ní òwúrọ̀, a óò din ata yẹn nínú òróró títí òróró yóò fi léfòó, a óò da omi ẹran sí i, a óò sì da ìrẹsì tí a ti bọ̀ díẹ̀ tí a sì ti ṣàn sí i. Nígbà tí omi bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, olùṣọ́ iná yóò fa igi jáde, yóò fi ẹyin iná nìkan sílẹ̀ lábẹ́ ìkòkò. Ooru díẹ̀díẹ̀ yẹn àti èéfín igi ni ó ń fún ìrẹsì òde àríyá ní adùn tí sítóòfù inú ilé kì í fún un.

Ẹran ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. A bọ̀ ọ́ tán ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ alẹ́. Ìyá alásè pàṣẹ fún mi pé kí n tẹ́ ẹ sínú abọ́ fífẹ̀ kí ooru rẹ̀ lè tètè lọ, kí n sì kó gbogbo rẹ̀ sínú kúlà oníyìnyín, pé ìdájí ni a óò dín in. Mo tẹ́ ẹ sínú abọ́ mẹ́ta. Mo kó méjì sínú kúlà. Ẹ̀kẹta, mo dé e, mo sún un sí abẹ́ tábìlì, mo ní n óò padà wá gbé e bí mo bá gé àlùbọ́sà tán. Ìyá ìbejì ń sọ ìtàn, ẹ̀rín ń pa wá, omijé àlùbọ́sà ń dà lójú wa. Nígbà tí a parí, oorun gbé mi lọ.

Agogo mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ni mo jí, tí ẹsẹ̀ mi kọ lu abọ́ náà lábẹ́ tábìlì. Ọkàn mi já. Mo ṣí i, mo gbóòórùn rẹ̀. Kò rùn rárá. Ohùn kan sọ nínú mi pé, “Dà á sínú agbada kíá. Òróró gbígbóná yóò pa ohunkóhun tí ó bá wà nínú rẹ̀. Ta ni yóò mọ̀?” Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, n kò ní purọ́ fún yín: mo ti gbé abọ́ náà sọ́wọ́. Mo ro owó tí ó wà nínú ẹran yẹn. Mo ro owó iṣẹ́ tí mo ti fi ojú sí pé n óò fi ra bàtà fún ọmọ. Mo ro ojú tí ẹ̀yin ènìyàn òpópónà wa yóò fi máa wò mí.

Ìyá ìbejì ni ó rí mi. Ó ní, “Ìyàwó, kí ló dé tí ojú rẹ rí báyìí?” Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Mo rò pé yóò pariwo. Ó wo abọ́ náà, ó wò mí, ó ní, “Èmi náà ti jó odindi ìkòkò ìrẹsì rí, níwájú ìyá yìí kan náà. Ṣé o rí i pé mo ṣì wà níhìn-ín? Ó yá, jẹ́ kí a jọ lọ.” Ó sì di ọwọ́ mi mú.

Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá alásè. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó bi mí: ìgbà wo ni ẹran kúrò lórí iná? Ṣé mo dé e tàbí n kò dé e? Ṣé mo ti da èyíkéyìí nínú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti inú kúlà? Mo dáhùn. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “A dà á nù.” Ó sọ fún ọmọge pé kí ó kọ ọ́ sínú ìwé. Ó ka owó fún èmi àti abilékọ Ẹ̀gùn yẹn pé kí a lọ dúró de àwọn alápatà ní Ìyànà-Ìbà, kí a lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò bá wọn nájà. Nígbà tí mo fẹ́ máa bẹ̀bẹ̀, ó ní, “Ìyàwó, owó ni a pàdánù, a kò pàdánù orúkọ. Dìde, ilẹ̀ ti ń mọ́.”

Nígbà tí a óò fi padà dé, àwọn tí ó kù ti ṣe iṣẹ́ tèmi mọ́ tiwọn. Kò sí ẹni tí ó pa òwe fún mi. Wọ́n kàn gbé ọ̀bẹ lé mi lọ́wọ́.

Ní ọ̀sán, a gbọ́ ohùn alága ìjókòó lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, a gbọ́ ìlù, a gbọ́ tí àwọn ẹbí ọkọ dọ̀bálẹ̀ tí àwọn ènìyàn hó yè. Àwa tí a se oúnjẹ ìyàwó kò rí ojú ìyàwó títí di ìrọ̀lẹ́. Àwo ni a rí. Jọ̀lọ́ọ̀fù, mọ́ínmọ́ín, ẹja, àmàlà àti ewédú fún àwọn àgbà tí wọ́n ní ìrẹsì kì í ṣe oúnjẹ. Àwo lọ ní kíkún, wọ́n sì padà ní òfìfo. Ẹ̀yìn ìgbà tí gbogbo rẹ̀ parí ni àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jókòó yí àwo fífẹ̀ kan ká, a sì jẹ ìsàlẹ̀ ìkòkò tí ó ti gbẹ dáadáa. N kò tíì jẹ ìrẹsì tí ó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí ó di àkókò owó, ìyá alásè san ti oníkálukú lójú gbogbo wa. Ó yọ ìdá kan nínú mẹ́ta owó tèmi nítorí ẹran náà, ó sì sọ ọ́ gbangba. Ìyókù àdánù náà, èrè tirẹ̀ ni ó fi dí i. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ní Ẹtì tí ó tẹ̀lé e, ó tún ránṣẹ́ pè mí.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa. Ohun tí ọkàn mi sọ fún mi ní ìdájí yẹn pé òróró gbígbóná yóò pa gbogbo rẹ̀, irọ́ ni. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n máa ń tu oró sínú oúnjẹ tí ó bá pẹ́ ní ìlọ́wọ́ọ́wọ́. Iná lè pa kòkòrò náà, ṣùgbọ́n kì í pa oró tí ó ti tu sílẹ̀. Oúnjẹ náà lè má rùn, ó sì lè má kan. Ìrẹsì gan-an ní irú kòkòrò yìí: irúgbìn rẹ̀ kì í kú nínú omi híhó, bí ìrẹsì bá sì pẹ́ nílẹ̀ láìgbóná dáadáa, yóò hù padà. Nítorí náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe fi ìmọ̀ràn márùn-ún nípa oúnjẹ síta ní ọdún 2001: kí a jẹ́ onímọ̀ọ́tótó, kí a ya tútù sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a ti sè, kí a se oúnjẹ jinná, kí a tọ́jú rẹ̀ sínú ooru tàbí òtútù tí ó yẹ, kí a sì lo omi àti èròjà tí ó mọ́. Wọ́n ní kí oúnjẹ tí a ti sè má ṣe ju wákàtí méjì lọ nílẹ̀ lásán. Bí a óò bá fi í sílẹ̀ de àlejò, kí ooru rẹ̀ ju 60 lọ lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì, ìyẹn ni pé kí ó máa rú èéfín nígbà tí a bá ṣí kúlà.

Ẹ wá wò ó: gbogbo alásè ni ó lè há ìmọ̀ràn yìí sórí. Ṣùgbọ́n kí ni ó gba ikùn àlejò 300 là ní ọjọ́ náà? Kì í ṣe ìmọ̀ nìkan. Ẹnu tí kò bẹ̀rù láti sọ òótọ́ ni. Níbi tí wọ́n bá ti ń jágbe mọ́ni, àṣìṣe kì í dín kù. Bíbò ni wọ́n ń bò ó. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé kí a lọ sùn. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà yóò sùn ti iná náà, yóò máa gbàdúrà pé kí ó kú fúnra rẹ̀.

Ọmọge akẹ́kọ̀ọ́ yẹn fi apá rẹ̀ hàn mí nígbà tí a ń padà bọ̀. Àpá jíjóná gígùn kan wà níbẹ̀. Ó ti bá alásè mìíràn ṣiṣẹ́ rí, ẹni tí ó máa ń bú wọn níwájú àlejò. Òróró ta sí i lápá ní òwúrọ̀, ó fi aṣọ wé e, ó sì ń gbé àwo títí di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n má baà pè é ní aláìmọ̀-ọ́n-ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé ó lè sọ̀rọ̀ ni, omi tútù tí ń ṣàn fún 20 ìṣẹ́jú ì bá ti dín oró náà kù.

Lóde òní, ìdánwò náà tún wúwo jù ti ìgbà tèmi lọ, nítorí pé oúnjẹ ti gbówó lórí. Ẹ rántí pé láti Oṣù Kẹjọ ọdún 2019 títí di Oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n fi ti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, tí ó wà ní òpin ọ̀nà Bádágrì tiwa yìí, gbogbo wa sì rí bí ìrẹsì ṣe di ọ̀wọ́n. Bí nǹkan bá ti wọ́n tó ni ọwọ́ ṣe ń wúwo tó láti dà á nù. Ìdí nìyẹn tí a fi nílò ẹni tí yóò bá wa gbé abọ́ náà dé iwájú ọ̀gá.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Nígbà tí Hilda Baci se jọ̀lọ́ọ̀fù tí ó wọn 8,780 kílò ní Victoria Island ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, orúkọ rẹ̀ ni ayé gbọ́, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni ó ro ìkòkò náà. Bí ọ̀rọ̀ ìkòkò ńlá ti rí nìyẹn, ní Victoria Island àti ní Ìbà.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ bá alásè lọ, ìmọ̀ràn mi nìyí.

Èkíní, ẹ jọ sọ iye owó àti ọjọ́ tí wọn yóò san án kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì béèrè ẹni tí yóò san owó ọkọ̀ òru. Ìnáwó kì í tètè tú, ọ̀nà Ìyànà-Ìbà ní òru kì í sì ṣe ibi tí obìnrin ń dá dúró.

Èkejì, ẹ sọ fún ọkọ yín, kí ẹ sì wá ẹni tí yóò tọ́jú ọmọ. Ọmọ ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ dé ìdí àdògán.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe wọ aṣọ onírá tàbí èyí tí apá rẹ̀ gbòòrò. Ẹ dúró sí ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní máa gbé èéfín wá sójú yín. Bí iná bá jó yín, omi tútù ni. Kì í ṣe epo, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Ẹ yọ òrùka àti ẹ̀gbà kí ọwọ́ tó wú, bí ojú jíjóná náà bá sì fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ.

Ẹ̀kẹrin, ẹ mọ ìṣirò. Bí a bá wọn 150 gíráàmù ìrẹsì tí a kò tíì sè fún ẹnì kan, àlejò 300 yóò jẹ 45 kílò. Àpò tí ó wọn 50 kílò yóò tó wọn. Alásè tí ó bá mọ ìṣirò kì í jí oúnjẹ, kì í sì í jẹ gbèsè.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ jẹ́ ìyá ìbejì fún ẹlòmíràn. Bí ẹ bá rí ìyàwó tuntun tí ojú rẹ̀ yí padà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, ẹ má bi í pé, “Kí ni o tún ṣe?” Ẹ bi í pé, “Kí ló dé?” Ìbéèrè méjèèjì kò jọ ara wọn rárá.

Kí n tó dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín wọ ilé. Ọmọ tí ó fọ́ àwo, ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó gbàgbé ọbẹ̀ sórí iná, àbúrò ọkọ tí ó fi omi tí kò mọ́ po mílíìkì fún ọmọ: gbogbo wọn ni ó ń wo ojú wa kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Bí ojú wa bá le, wọn yóò dákẹ́, àwa ni a óò sì jẹ ọbẹ̀ tí ó ti bàjẹ́. N kò ní kí ẹ má bá ọmọ wí. Ìyá alásè wa yọ owó mi, ẹ kò sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, ó tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe, kí ó tó dé orí ìbáwí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Iná ilé yín kò ní kú. Ẹ óò se oúnjẹ ayọ̀, ẹ óò sì jẹ nínú rẹ̀. Ó di oṣù tí ń bọ̀.